Kílọ́ọ̀ṣì Dá Ìjà Sílẹ̀ Lágboolé Wa

Ẹ sún mọ́bí díẹ̀ kí n má baà máa pariwo. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé èmi kì í ṣòfófó. Ohun tí etí mi bá gbọ́ nìkan ni mo máa ń sọ, ògiri tó sì là mí àti Tíṣà láàrin kò nípọn. Bíríkìlà tó mọ ọ́n ni kẹ́ ẹ lọ bá jà.

Owó àjẹṣẹ́kù Tíṣà ló jáde. Owó ọ̀hún ò tíì wọ báńkì tán tí gbogbo wa fi mọ̀ pé mọ́tò ló fẹ́ fi rà, ohun tó sì tọ́ ni. Ọmọ mẹ́rin ló wà nílé yẹn, pẹ̀lú ìyá àgbà tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, àti ìyàwó tó ń ta ànkárá. Láràárọ̀ ni Tíṣà ń bá èrò du bọ́ọ̀sì láti ọ̀dọ̀ wa níbí lọ sí Àkúrẹ́ tó ti ń kọ́ni, tí yóò sì délé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìwé àwọn ọmọ iléèwé lábíyá. Ta ni ò ní bá a yọ̀?

Àfi bí Tíṣà ṣe ní oní-kílọ́ọ̀ṣì lòun máa rà, tí ìyàwó ní ọ́tò lòun fẹ́. Mo gbọ́ tí ṣíbí bọ́ sílẹ̀ nínú yàrá wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹnì kankan ò jù ú o, ó kàn bọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ irú ṣíbí tó máa ń bọ́ bẹ́ẹ̀.

"Ẹni tó bá mọ mọ́tò wà, kílọ́ọ̀ṣì ló fi ń wà á," ni Tíṣà wí. "Ẹni tó wọ ọ́tò, ṣé òun náà ń wa nǹkan ni? Gbígbé ni wọ́n ń gbé e."

"Dádì," ni ìyàwó fèsì, "kí wọ́n gbé mi náà ni mo fẹ́."

Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ọ̀rọ̀ ti dé ìdí kànga. Bó ṣe débẹ̀ ò yé mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ la wà. Ẹ ó ti kọjá pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́ kẹ́ ẹ tó bá wa. Tẹ́ ẹ bá ti rí Ùsọ̀, ẹ ti fi wá sẹ́yìn. Odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ló fún wa lórúkọ, ọjà àti iṣẹ́ gẹdú ló sọ wá di ìlú. Ọmọ Àkúrẹ́ ń bẹ níbí, Ìgbìrà ń bẹ, Ìbò ń bẹ, Hausa ń bẹ, gbogbo wọn ló sì mọ̀ nípa mọ́tò ju ẹni tó ṣe mọ́tò lọ. Nítorí náà, ẹ má bi mí ìdí tí ọ̀rọ̀ tọkọtaya fi di ti gbogbo àdúgbò.

Bàbá Láńlọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ dá sí i. Bí bàbá yìí bá ti lanu sọ̀rọ̀ mọ́tò, ẹ fi ìkòkò yín sílẹ̀ kó máa hó lọ, nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀hún á kọ́kọ́ gba ayé ìjọba Gówọ̀n kọjá ná. Ó ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì títì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, òun wà lẹ́nu iṣẹ́ dẹ́rẹ́bà. Láyé ìgbà tí sítíárìnnì wà lápá ọ̀tún ọkọ̀, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń fa gíà. Nígbà tí ọkọ̀ tí sítíárìnnì rẹ̀ wà lápá òsì gbòde, ọwọ́ ọ̀tún di ọwọ́ gíà. Bàbá ní òun mọ dẹ́rẹ́bà kan tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ń nawọ́ òsì wá gíà, ilẹ̀kùn ló sì ń ṣí. Èrò tó bá jókòó sẹ́yìn rẹ̀ á ní, "Ọ̀gá, ṣé a ti dé ni?"

Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ni bàbá bọ́ sórí Pijó. Oṣù kẹta ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná. Ọdún kan náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń to èyí tí à ń pè ní Ìjàpá. Ọdún yẹn náà ni àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní Údójì dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ wo bó ṣe bọ́ síra: owó dé, mọ́tò dé. Bàbá ní tíṣà tó bá ra Ìjàpá nígbà náà, ìyàwó rẹ̀ ní láti máa ká a lọ́wọ́ kò kó má baà di ìyàwó méjì. Pijó 504 àtijọ́ ńkọ́, lára sítíárìnnì ni wọ́n ti ń fa gíà rẹ̀, tí iwájú á fi gba èèyàn mẹ́ta láìsí igi kankan láàrin ẹsẹ̀ wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì ni gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyẹn.

Ọmọ Tíṣà àgbà, ọmọbìnrin kan tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àgbà lọ lọ́fẹ̀ẹ́, wá bi í pé, "Bàbá, ṣé ọ́tò ò tíì sí nígbà náà ni?" Ó wà kẹ̀. Láti ọdún 1939 ni General Motors ti Amẹ́ríkà ti gbé tiwọn jáde, Oldsmobile ti ọdún 1940 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí. Bàbá ò mọ ìyẹn. Tíṣà ló sọ ọ́, ó sì kábàámọ̀ pé òun sọ ọ́ kó tó délẹ̀, nítorí ìyàwó rẹ̀ mú un lójú ẹsẹ̀: "Ohun tó ti wà láti 1939 lẹ ń pè ní àṣà tuntun."

Ìyá oníṣu ní tòun, kílọ́ọ̀ṣì tàbí ọ́tò, iṣu mélòó ni búùtù rẹ̀ máa gbà? Ìbéèrè tó dára jù lọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn.

A wá ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Mẹkáníìkì. Ọkùnrin yẹn kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kan, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni méjèèjì ń bọ̀. Ó gbé àpótí kan jókòó, ó ní kí wọ́n foun lómi, ó mu ún tán, ó ní kí wọ́n tún bu òmíràn wá. Ó ní nínú oní-kílọ́ọ̀ṣì, pélétì kan wà láàrin ẹ́ńjìnnì àti gíà. Tí ẹsẹ̀ òsì bá tẹ̀ ẹ́, àwọn méjèèjì tú. Tí ẹsẹ̀ bá kúrò, wọ́n dì mọ́ra. Ẹni tí kò bá mọ bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mọ́tò á fò, á sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì gbé ẹsẹ̀ lé e láti Àkúrẹ́ dé Ọ̀wọ̀, pélétì á jó, ẹ ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ti ọ́tò yàtọ̀. Epo ló wà láàrin níbẹ̀. Ó ní kí á gbé fáànù méjì kojú síra wọn, kí á tan ọ̀kan: atẹ́gùn rẹ̀ á máa yí ìkejì tí kò níná. Ẹ́ńjìnnì ni èyí tó níná, gíà ni ìkejì, epo gíà ni atẹ́gùn tó wà láàrin wọn. Tó o bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ìkejì á dúró, èkíní á ṣì máa yí, mọ́tò ò ní kú.

"Tí iná bá wà o," ni ìyá oníṣu wí, nítorí a ò níná lọ́jọ́ náà.

Ibẹ̀ ni Tíṣà ti rí ọ̀nà. "Ọ̀gá, tí bátìrì bá wá kú lójú ọ̀nà ńkọ́? Kílọ́ọ̀ṣì, a máa tì í ni, a fi í sí gíà kejì, ẹsẹ̀ kúrò, pàà, ó ti jí!"

Ọ̀gá Mẹkáníìkì gbà fún un. Ọ́tò kì í ṣe ohun à ń tì jí. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo ká inú gíà. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, epo ò rìn, kò sì sóhun tó máa so táyà mọ́ ẹ́ńjìnnì tí yóò fi jí. Ìdí kan náà ni kò ṣe dára kí wọ́n fi okùn wọ́ ọ́tò lọ́nà jíjìn nígbà tí táyà tó ń fà á bá wà nílẹ̀. Gíà á máa yí láìrí epo mu, yóò sì jó. Ó ní mọ́tò tí wọ́n fi okùn wọ́ dé ọ̀dọ̀ òun báyìí, wọ́n máa ń ní ẹ́ńjìnnì ló ń ṣe é. Nígbà tí òun bá tún ẹ́ńjìnnì ṣe tán, òun náà ni wọ́n á tún wá bú pé òun ba gíà jẹ́.

Tíṣà wo ìyàwó rẹ̀ lójú. "Ẹ gbọ́ bí? Tí bátìrì bá kú, kí lẹ máa ṣe?"

"A ó ra bátìrì, Dádì."

Tíṣà tún gbé ti epo bẹntiróòlù dé. Ẹni kankan ò lè bú u lórí ìyẹn. Kó tó di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinúbú ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan ò tó igba náírà nílé epo ìjọba. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ ó fò kọjá ₦480, nígbà tó sì fi máa di ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní ₦1,000. Tíṣà ní ọ́tò ń mu epo. Ọ̀gá Mẹkáníìkì ní òótọ́ ni, àwọn tàtijọ́ tó ní gíà mẹ́rin ń mu ju kílọ́ọ̀ṣì lọ, ṣùgbọ́n àwọn tuntun tó ní mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ti bá kílọ́ọ̀ṣì dọ́gba, òmíràn tún sàn jù ú lọ. Ó wá wo Tíṣà láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àmọ́ èyí tówó yín ká, ẹ̀gbọ́n, ti gíà mẹ́rin ni." Ẹ ò rí i pé Tíṣà jẹ ayò kan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tètè yà sí ọ̀nà kan, mi ò ní pẹ́. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi mọ́tò sí fíríì tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, wọ́n ní àwọn ń fi epo pamọ́. Ọ̀gá Mẹkáníìkì ní kí n bá òun sọ fún wọn. Nínú ọkọ̀ òde òní, tí mọ́tò bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú gíà tí ẹsẹ̀ sì kúrò lórí tọ́tù, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń dá epo dúró. Fíríì tẹ́ ẹ fi sí ló ń jẹ́ kó máa mu díẹ̀díẹ̀ kó má baà kú. Bíréèkì nìkan ló sì kù tó ń di yín mú. Ẹni tó bá ń ti Ìdànrè bọ̀, kó gbọ́. Ọ́tò náà ní 2, ó ní L, gíà tó ń di mọ́tò mú ni wọ́n, ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ló ti fọwọ́ kan L rí láti ọjọ́ tó ti ra mọ́tò? Ìyàwó alágbàfọ̀ rò pé ti Láńlọ́ọ̀dù ni.

Ẹ jẹ́ ká padà síbi tí a wà. Ó ku ti àtúnṣe. Pélétì kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ó rí ẹni tó máa pààrọ̀ rẹ̀ ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ní Ùsọ̀, lábẹ́ igi máńgòrò níbikíbi. Gíà ọ́tò tó bá bàjẹ́, àwọn tó lè tú u kí wọ́n sì tò ó padà kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á kàn ní kẹ́ ẹ mówó wá, wọ́n á ra odidi gíà tọ́kúnbọ̀ ní Ládípò, ní Èkó, wọ́n á gbé e sí i. Ẹ ò sì mọ ohun tójú gíà yẹn ti rí níbi tó ti ń bọ̀. Ohun tó sì ń pa wọ́n jù ni epo tí kò bá wọn mu. Honda ní tirẹ̀, Toyota ní tirẹ̀. Ẹni tó bá da èyíkéyìí tó ṣáà ti pupa sí i, ìnáwó ló ń pè.

Gbogbo àwíjàre yìí, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹni pé ọjà kún fún kílọ́ọ̀ṣì ni. Tọ́kúnbọ̀ àkọ́kọ́ tí a mọ̀, láti Bẹ́líjíọ̀ọ̀mù àti Jámánì ni, wọ́n ń gba Kútọnu wọlé, àwọn ará ibẹ̀ sì fẹ́ràn kílọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ti Amẹ́ríkà bò wá mọ́lẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, oní-kílọ́ọ̀ṣì ò pé márùn-ún. Ohun tí wọ́n bá sì rà lónìí ni àwa máa fọ̀ tí a máa pè ní tuntun lọ́dún mẹ́wàá sí i. Camry tí à ń pè ní Big Daddy, èyí tí à ń pè ní Muscle, Honda tí wọ́n sọ ní End of Discussion, ẹ wá kílọ́ọ̀ṣì nínú wọn kẹ́ ẹ jẹ́ kí n mọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ti parí ìjà Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì tó kù lójú títì wa ò ju ti akérò, Micra àwọn ará Ìbàdàn, àti ọkọ̀ gẹdú.

Ẹ rántí ọkọ̀ gẹdú yẹn. Mo ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń bá kílọ́ọ̀ṣì jẹun dáadáa o. Ọmọ bàbá onígẹdú tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù wálé lọ́dún Kérésì. Lọ́hùn-ún, tó bá jẹ́ ọ́tò lo fi ṣe ìdánwò ìwakọ̀, ọ́tò nìkan ni òfin gbà ọ́ láyè láti wà; ẹni tó fi kílọ́ọ̀ṣì ṣe é ló ní méjèèjì. Ọmọ yìí fi ọ́tò ṣe tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kó bá òun gbé Pijó jáde kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Dádì, òfin ò gbà mí láyè." Bàbá bi í bóyá òfin gbà á láyè láti jẹ iyán. Tiwa níbí, káàdì ìwakọ̀ ò ya méjèèjì sọ́tọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí Tíṣà máa yọ tirẹ̀ jáde nínú àpò fi hàn wá. Láti ìgbà tó ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ti gbà á, ó sì ń sọ ọ́ dọ̀tun déédéé. Mọ́tò nìkan ni kò wà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀, kó má kọjá ibí. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà tó ń gbé ìlú Oǹdó ní Pijó oní-kílọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n wà nílé náà àfi òun. Tí ó bá jẹ́ ìkómọ, ìyàwó àti àwọn ọmọ á jókòó dè é títí yóò fi mu ẹmu tán. Tí ọjà bá wà, ìgbà tó bá wù ú ni wọ́n tó lọ. Tíṣà ti rí i bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "Dádì ẹ jọ̀ọ́, Dádì ẹ jọ̀ọ́" láti àárọ̀ dalẹ́, ó sì wù ú. Ọ́tò, ẹni tó bá ti mọ bíréèkì yàtọ̀ sí tọ́tù, láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ti ń wà á. Kílọ́ọ̀ṣì ló lè sọ kọ́kọ́rọ́ di ti ẹnì kan ṣoṣo. Ìyẹn ni Tíṣà fẹ́ rà. Mọ́tò kàn wà nínú rẹ̀ ni.

Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò ní Àkúrẹ́. Wọ́n ní kí n tẹ̀ lé wọn. Ó dáa, èmi ni mo ní mo fẹ́ lọ ra ọṣẹ ní Ọjà Ọba, tí mo sì bá ara mi nínú bọ́ọ̀sì kan náà. Tíṣà bèèrè kílọ́ọ̀ṣì. Olùtà wá a, wá a, ó rí Corolla kan lẹ́yìn pátápátá, èyí tó ti Yúróòpù wá, eruku ti bò ó. Ó ní kí Tíṣà wà á jáde wò. Ibẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀. Tíṣà wọlé, ó tún jígí ṣe, ó tún àga ṣe, ó tún jígí ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé ẹsẹ̀, mọ́tò fò, ó kú. Ó tún jí i, ó yí padà sẹ́yìn lọ bá Camry ẹlẹ́ni, àwọn ọmọ iṣẹ́ sáré wá fi àyà tì í. Ẹ̀ẹ̀kẹta, òórùn kílọ́ọ̀ṣì ti ń jáde.

Ìyàwó tẹ bàgì lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sílẹ̀ díẹ̀." Ó bọ́ bàtà onígìgísẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé, ó fa bíréèkì ọwọ́, ó fi sí gíà kìíní, ó gbé ẹsẹ̀ òsì díẹ̀, imú mọ́tò dìde díẹ̀, ó tú bíréèkì ọwọ́. Mọ́tò ò yí padà sẹ́yìn ìka kan. Ó gbé e jáde síta, ó fi gíà kẹta yípo, ó fi rìfáásì dá a padà sáàrin ọkọ̀ méjì, ó pa á.

Ẹnu Tíṣà ò lè padé. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, èmi mọ̀ tẹ́lẹ̀. Dẹ́rẹ́bà gẹdú ni bàbá ìyàwó, nine-one-one Mercedes ló fi ń kó igi láti inú igbó wá síléeṣẹ́ agbẹgi níbí. Ọmọ yìí ò tíì jáde sẹ́kọ́ńdírì tó ti ń bá bàbá rẹ̀ gbé lọ́rì nínú ọgbà. Ẹnì kankan ò bi mí ni.

"O ò sọ fún mi rí," ni Tíṣà wí.

"Ẹ ò bi mí rí, Dádì."

Olùtà ti ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó ní mọ́tò ti rí olówó ẹ̀. Ìyàwó ní rárá, kó fi ọ́tò han àwọn. Ó ní bàbá òun fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì lọ́rì títí orúnkún yẹn fi kọ̀ fún un, ọ̀pá ló fi ń rìn títí ó fi kú. Òun mọ kílọ́ọ̀ṣì, ìdí nìyẹn tí òun ò fi fẹ́ ẹ.

Corolla ọ́tò ni wọ́n rà. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló bá a wá, ọ̀kan wà lọ́wọ́ Tíṣà, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìyàwó. Ìyá àgbà ń wọ iwájú, iṣu sì ń wọ búùtù, mo kà wọ́n, wọ́n pọ̀. Tèmi sí ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò ilé ni pé kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá òun nìkan ló máa wà á. Tó bá jẹ́ pé ìyàwó àti ọmọ máa wà á, kó ra ọ́tò, kó sì tọ́jú owó gíà sọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ inú igbó ló ń lọ, níbi tí kò ti sí ju mẹkáníìkì kan lọ, kó wá kílọ́ọ̀ṣì lọ tó bá lè rí i. Èyíkéyìí tó bá jẹ́ ọ́tò tọ́kúnbọ̀ tó ní ọ̀pá epo gíà, ẹ fà á yọ kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí epo bá pupa, ẹ máa ná an lọ. Tó bá ti dúdú, tí òórùn jíjó ń yọ lára rẹ̀, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún olówó ẹ̀.